Ẹwìrì

Ọ̀rọ̀ orúkọ.

1. Ohun èlò tí a fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí iná àgbẹ̀dẹ. Àpẹẹrẹ: Ọmọṣẹ́ ń fi ẹwìrì fínná fún alágbẹ̀dẹ ní Òkukù.

2. Ẹwìrì ẹ́ńjìnnì: supercharger, irú èyí tí ó wà níwájú Bentley 4½ Litre ti ọdún 1929. Àpẹẹrẹ: Mẹkáníìkì gbé ẹwìrì ẹ́ńjìnnì láti Ìkìrun lọ sí Ìnísà, ó sì dè é mọ́ ọkọ̀ eré ìje àtijọ́.

Àkíyèsí ìlò: Ìtumọ̀ kìíní nìkan ni ó bá “fínná” lọ. Fún ìkejì, kọ “ti afẹ́fẹ́ wọnú ẹ́ńjìnnì”, kí òǹkàwé má baà rò pé ọkọ̀ ń jóná. Má pe turbocharger ní ẹwìrì: èéfín ni ó ń yí i, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ni ó ń yí supercharger. Nínú ìtumọ̀ ìlànà iṣẹ́, má fo ọ̀rọ̀ nípa epo: bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ tí epo kò tó, písítínì lè yọ́.