Láti Orí Jíìnì Dé Orí Tramadol: Ìtàn Bárakú ní Nàìjíríà

Ẹmu a máa kan lọ́jọ́ kejì. Láyé àwọn baba ńlá wa, ẹni tó bá fẹ́ yó lójoojúmọ́ ní láti dúró de adẹ́mu. Jíìnì tí ọkọ̀ òkun ń já sí èbúté Èkó ní ọ̀rúndún 19 kì í kan ní tirẹ̀. Ó le ju ẹmu lọ, ó sì lè wà nínú ìgò títí ọwọ́ yóò fi nà sí i. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Owó ibodè orí ọtí yìí di ọ̀kan gbòógì lára owó tí ìjọba amúnisìn fi ń gbọ́ bùkátà. Nígbà tó di bí ọdún 1930 tí àwọn ará ìlú ń se ògógóró fúnra wọn, ìjọba kan náà sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀. Àpò ìjọba ni òfin yẹn ń ṣọ́, kì í ṣe ẹ̀dọ̀ ọ̀mùtí.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, igbó gbòde. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ ni pé àwọn sójà tó ti Bọ́mà àti Íńdíà bọ̀ ló kó irúgbìn rẹ̀ wálé. Lọ́dún 1966, ìjọba ológun gbé òfin jáde: ẹni tó bá gbìn ín, ikú tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 21 ó kéré tán, ẹni tó bá mu ún, ọdún 10. Ó dùn mí, nítorí ìmọ̀ tó sàn ju èyí ti wà nílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Láti 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo ti ń tọ́jú alárùn ọpọlọ ní ilé ìwòsàn Aro, tí wọ́n ń gbé láàárín àwọn ará abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, tí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sì ń bá dókítà ṣiṣẹ́. Dókítà Tolani Asuni, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Aro, ti tẹ àkọsílẹ̀ jáde nípa igbó àti àrùn ọpọlọ ní 1964. Òfin dé lẹ́yìn ọdún méjì, ẹ̀wọ̀n ló sì mú dání.

Ti 1984 tún burú jù. Òfin ológun sọ òwò egbòogi olóró di ẹ̀ṣẹ̀ ikú, ó sì mú ẹni tó ti ṣe é kí òfin náà tó jáde pàápàá. Ní oṣù kẹrin 1985, ìjọba yìnbọn pa ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n dá lẹ́bi òwò yìí. Òfin 1989 ló bí NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti egbòogi olóró.

Ohun tí àwọn onímọ̀ mọ̀ báyìí ni pé bárakú ń yí ọpọlọ padà. Egbòogi olóró a máa tú dopamine, èròjà tó ń sọ fún ọpọlọ pé kó tún padà sídìí ohun tó dùn mọ́ ọn, jáde ní ìwọ̀n tí oúnjẹ kò lè tú. Bó bá pẹ́, adùn á lọ, òǹgbẹ á kù. Ẹni tí tramadol (oògùn ìrora) tàbí gbànà (heroin) ti mọ́ lára a máa gbọ̀n, a máa làágùn, inú a máa rún un bí kò bá rí i. Ẹni tó wà nínú ìnira yẹn kì í rántí ẹ̀wọ̀n.

Síbẹ̀, òfin ni ìjọba tún gbé jáde ní 2018, tí wọ́n fi de ṣíṣe oògùn ikọ́ olómi tó ní codeine, èròjà tó ń di bárakú. Ìwádìí orílẹ̀-èdè tó jáde ní 2019 fi hàn pé nǹkan bí mílíọ̀nù 14 èèyàn ló lo egbòogi olóró láàárín ọdún kan, ẹkùn gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló sì ti pọ̀ jù. Ẹnì kan nínú márùn-ún àwọn tó lò ó ló ti ní àìsàn bárakú. Nínú àwọn tó wà nínú ewu jù, nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 ló fẹ́ gba ìtọ́jú, tí wọn kò rí i gbà.