Wòléwòlé, Olùbẹ̀wò àti Jẹ́léósinmi: Ta Ni Ó Ń Ṣọ́ Ọmọ Tí Ọwọ́ Rẹ̀ Kò Tíì Kan Etí?

Ọ̀rọ̀ méjì ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fi ojú èdè wò kí a tó wọ inú ìtàn yìí. Ọ̀kan ni jẹ́léósinmi, orúkọ tí Yorùbá fún ibi tí a ń kó àwọn ọmọ tí wọn kò tíì tó ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ sí. Èkejì ni wòléwòlé, òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tí ó máa ń lọ láti ojúlé dé ojúlé láti yẹ ìkòkò omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti àkìtàn wò. Jẹ́-ilé-ó-sinmi, wo-ilé-wo-ilé. Ilé wà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, ọmọ kò sí nínú èyíkéyìí. Nígbà tí Friedrich Froebel, ará Jámánì, ń wá orúkọ ní 1840 fún irú ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ti dá sílẹ̀ ní Blankenburg ní 1837, ọgbà àwọn ọmọdé ni ó pè é. Ti Yorùbá yàtọ̀. Ẹni tí ó sọ ọ́ ní jẹ́léósinmi ń wo ìyá tí ó fẹ́ lọ sí ọjà, ìyá àgbà tí ó fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀, àti ilé tí ariwo ti sú. Kò sí àbùkù nínú ìyẹn. Ó kàn jẹ́ kí a mọ ìdí tí ó fi pẹ́ kí ìjọba tó béèrè ìbéèrè kejì: bí ilé bá ti sinmi tán, ọmọ ńkọ́?

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ kò pọ̀. Láti nǹkan bí ogóje ọdún sẹ́yìn ni ìjọba ti ń rán ojú wọ inú ilé-ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n ojú náà kì í ṣe ẹyọ kan. Ọ̀kan ń wo ìwé, ọ̀kan ń wo omi àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ọ̀kan ń wo ara ọmọ. Ibi tí ó yẹ kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé jù lọ ni jẹ́léósinmi, ibẹ̀ gan-an sì ni ìkankan nínú wọn kò kà sí agbègbè tirẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Kí jẹ́léósinmi tó dé, ọjà ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń dàgbà sí. Ní Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí ó ti rí ní Akẹ̀sán níwájú ààfin Ọ̀yọ́, ẹ̀yìn ìyá ni ọmọ ọwọ́ ń wà. Bí ó bá ti ń rìn, abẹ́ àtẹ ni ó ti ń ṣeré, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò máa dá a padà bí ó bá ti ń sún mọ́ ojú títì. Àwọn kan ń fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà, àwọn mìíràn lọ́dọ̀ alágbàwò. Nígbà tí Yorùbá bá wí pé ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó, kì í ṣe ìwà ọmọlúàbí nìkan ni òwe náà ń sọ. Ètò àbẹ̀wò ni ó ń ṣàpèjúwe. Alágbàwò tí ó bá ń febi pa ọmọ kò lè fi í pamọ́ fún ará ọjà. Aláta yóò rí i, aláṣọ yóò rí i, ìyálọ́jà yóò gbọ́. Ètò náà kò pé. Igba ènìyàn kò lè fi ojú lásán rí àrùn tí ó wà nínú omi, ikú ọmọdé sì pọ̀ débi pé ìgbàgbọ́ nípa àbíkú gba àyè ńlá nínú ìrònú àwọn baba wa. Síbẹ̀ gbangba ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n kó ọmọ wọ inú ọgbà tí a mọ ògiri yí ká, tí a sì ti géètì rẹ̀, ni igba ojú náà kò ríran mọ́. Ó wá di dandan kí ẹnì kan máa wo inú ọgbà náà lórúkọ gbogbo wọn.

Ṣùgbọ́n olùbẹ̀wò tí ìjọba kọ́kọ́ rán kò wá nítorí ọmọ. Owó ni ó ń ṣọ́. Òfin Ẹ̀kọ́ ti 1882, èyí tí ó kan Èkó pẹ̀lú Gold Coast tí í ṣe Gánà òde òní, ṣètò owó ìrànwọ́ fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́ọ̀nù ní ìbámu pẹ̀lú bí àwọn ọmọ bá ṣe yege nínú ìdánwò. Àlùfáà Metcalfe Sunter, tí ó ti jẹ́ ọ̀gá Fourah Bay College rí, ni wọ́n fi ṣe olùbẹ̀wò fún àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: ẹnì kan ṣoṣo fún gbogbo etíkun náà! Èkó gba òfin tirẹ̀ ní 1887, Henry Carr (1863–1945) sì wà lára àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí tí wọ́n ṣe iṣẹ́ olùbẹ̀wò lẹ́yìn náà. Kíkà, kíkọ àti ìṣirò ni ó ń mú owó wá. Ọmọ ọdún mẹ́ta kò lè mú kọ́bọ̀ wá fún ẹnikẹ́ni, kò sì sí ìdí fún olùbẹ̀wò láti bi í bóyá ó ti jẹun.

Òfin 1926 fẹ àbẹ̀wò lójú sí i. Ìròyìn Ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes ti 1922 àti ìwé ìlànà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní 1925 ti tẹnu mọ́ àìsí àbójútó tó péye lórí àwọn ilé-ẹ̀kọ́. Láti 1926, ní Gúúsù Nàìjíríà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ láìgba àṣẹ, olùkọ́ ní láti forúkọ sílẹ̀, ìjọba sì ní agbára láti ti ilé-ẹ̀kọ́ pa. Báyìí ni ìwé àṣẹ ṣe di ohun àkọ́kọ́ tí olùbẹ̀wò ń béèrè, ó sì ti wà bẹ́ẹ̀ títí di òní.

Ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà lábẹ́ ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, lẹ́yìn tí S. O. Awókọ́yà ti gbé àbá rẹ̀ kalẹ̀ ní 1952. Iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti 456,600 ní 1954 sí 811,432 ní 1955. Àwọn òpìtàn ti sọ púpọ̀ nípa àṣeyọrí yìí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ sọ ni ipò tí ó fi àwọn àbúrò sí. Tẹ́lẹ̀, ọdún mẹ́jọ ni ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí kíláàsì ọmọ wẹ́wẹ́ ọdún méjì sì ṣáájú Sítáńdáàdì Kìíní. Ètò tuntun sọ ọ́ di ọdún mẹ́fà, ọmọ ọdún mẹ́fà ni ó sì ń gbà wọlé. Níwọ̀n bí ọ̀pọ̀ òbí kò ti ní ìwé ọjọ́ ìbí, ara ọmọ ni wọ́n fi ń ṣe ìwé: ọmọ yóò gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, bí ìka rẹ̀ bá kan etí òsì, ó ti tó ilé-ẹ̀kọ́. Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá kan etí yóò padà sílé. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n tí ó ń pọ̀n ọ́n tẹ́lẹ̀ ti wọ kíláàsì. Ìyá ní láti lọ sí ọjà. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó gba àwọn ẹ̀gbọ́n ni ó gba alágbàtọ́ lọ́wọ́ àwọn àbúrò, bẹ́ẹ̀ ni jẹ́léósinmi ṣe di kòṣeémánìí ju ti ìgbàkígbà rí lọ. Nítorí pé kò sí nínú ètò ọlọ́dún mẹ́fà, kì í ṣe ohun tí olùbẹ̀wò wá wò.

Bí ojú tí ń wo ìwé ti fo ọmọ wẹ́wẹ́ dá, ojú tí ń wo ara kò fò ó. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbẹ̀, ní 1925, Ruth Kersey, nọ́ọ̀sì míṣọ́ọ̀nù Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, dá ilé sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ìyá wọn kú. Ilé náà ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ di òní. Kí ọmọ má kú, kí ó sanra, kí ó rìn: èyí ni òṣùwọ̀n irú ibẹ̀, ó sì jìnnà pátápátá sí òṣùwọ̀n Sunter. Àpẹẹrẹ tí ó tún ga ju èyí lọ wá láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Dókítà David Morley, tí ó dé ilé-ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ní 1956, ọdún kan péré lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, dá ilé àyẹ̀wò sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ìyẹn àwọn tí ọwọ́ wọn kò tíì kan etí. Wọ́n ń wọn ọmọ lóòrèkóòrè, wọ́n sì ń fi àmì ìwọ̀n rẹ̀ sórí káàdì kan. Bí ìlà orí káàdì bá ń gòkè, ara ọmọ ń dá. Bí ó bá dúró tàbí tí ó ń sọ̀ kalẹ̀, nǹkan ń ṣe é. Káàdì yìí tàn káàkiri àgbáyé. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù fún ọ̀rọ̀ tí a ń sọ ni pé ọwọ́ ìyá ni káàdì náà ń wà, kì í ṣe ọwọ́ dókítà. Ìyá tí kò mọ̀wé lè tọ́ka sí ìlà náà kí ó sì béèrè ìdí tí kò fi gòkè.

Wòléwòlé ní tirẹ̀ kò kúrò ní àdúgbò. Àwọn ará ìlú ń bẹ̀rù rẹ̀, wọ́n sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí owó ìtanràn àti àwọn ohun mìíràn tí kò ṣeé kọ sílẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá wo ohun tí ń pa ọmọ wẹ́wẹ́, ìgbẹ́ gbuuru àti omi àìmọ́, wòléwòlé súnmọ́ ọ̀ràn jẹ́léósinmi ju olùbẹ̀wò tí ó gbé ìwé wá lọ.

Ìlànà Ìjọba Àpapọ̀ lórí Ẹ̀kọ́ ti 1977 ni ó kọ́kọ́ fún ẹ̀kọ́ ṣáájú alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní àyè tirẹ̀ nínú ètò orílẹ̀-èdè. Ìjọba ní àwọn aládàáni ni kí ó máa dá a sílẹ̀, ohun tí ìjọba yóò ṣe ni àbójútó. Ìlànà náà sì sọ pé èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò ni kí wọ́n fi kọ́ ọmọ. Ní àkókò yẹn gan-an ni iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí Babs Fáfúnwá ṣe agbátẹrù rẹ̀ láti 1970, ń fi hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ kì í rẹ̀yìn. Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ jẹ́léósinmi aládàáni fi ń polówó ara wọn, àwọn òbí ń sanwó nítorí rẹ̀. Lábẹ́ ìlànà 1977 yẹn, jẹ́léósinmi tí ó ń fi ìyà jẹ ọmọ nítorí pé ó sọ Yorùbá ń tàpá sí ìlànà bí èyí tí kò ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ti ń tàpá sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ kejì nìkan ni ẹnikẹ́ni ń retí pé kí wọ́n tìtorí rẹ̀ ti ilé-ẹ̀kọ́ pa.

Bí a bá wá ẹni tí iṣẹ́ náà já lé léjìká nínú òfin, ọ̀rọ̀ á tún dojú rú. Àfikún Kẹrin nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1999 to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ilé oúnjẹ wà níbẹ̀, ilé búrẹ́dì wà níbẹ̀, ilé alágbàfọ̀ pàápàá wà níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀. Kò dárúkọ jẹ́léósinmi. Èyí túmọ̀ sí pé ìjọba ìbílẹ̀ ní àṣẹ tí ó hàn gbangba láti wọ ilé tí a ti ń ṣe búrẹ́dì tí ọmọ ń jẹ, ṣùgbọ́n ilé tí ọmọ ti ń jẹ ẹ́ kò sí nínú àkọsílẹ̀ náà. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ gba tirẹ̀ wọlé ní 2006, ni ó gbìyànjú láti dí àlàfo yìí: ti ìjọba àpapọ̀ sọ nípa fíforúkọ àwọn tí ń bá ènìyàn tọ́jú ọmọ sílẹ̀ àti yíyẹ ibi iṣẹ́ wọn wò. Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 2004 fi ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ sínú ìtumọ̀ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ìlànà ti 2004 ní olùkọ́ kan sí ọmọ 25. Ìlànà ti 2007 lórí ìdàgbàsókè ọmọ wẹ́wẹ́ ni ó pe iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́, ti ìlera àti ti ọ̀rọ̀ obìnrin jọ. Ìgbà yìí ni ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ́kọ́ pàdé, lórí ìwé. Àtúnṣe ti 2013 sì sọ ọdún kan ṣáájú alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ara ètò ilé-ẹ̀kọ́ gan-an.

Ohun tí ó wà lórí ìwé kò tíì dé Ìta-Fájì ní Èkó ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta 2019. Ilé alájà mẹ́ta tí ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́léósinmi àti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà lórí rẹ̀ wó. Ó kéré tán, ogún ènìyàn kú, ọmọdé wà nínú wọn. Gómìnà ìgbà náà, Akínwùnmí Ambode, sọ pé ilé gbígbé ni ilé náà jẹ́ nínú àkọsílẹ̀ ìjọba, pé ilé-ẹ̀kọ́ náà kò bófin mu. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ń ṣàkóso ilé kíkọ́ ti fi àmì wíwó sí i ṣáájú. Ojú kan rí i, nígbà náà. Ó rí ògiri, ṣùgbọ́n wíwó ògiri kì í ṣe iṣẹ́ iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́. Iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ kò sì ní ilé-ẹ̀kọ́ tí kò sí nínú ìwé rẹ̀ láti bẹ̀ wò. Àwọn òbí ń mú ọmọ gun àtẹ̀gùn náà láràárọ̀. Kò sí ohun tí ó wà lọ́wọ́ wọn tí ó lè sọ fún wọn.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kù sí ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú. Ìlú méjèèjì kò ṣàìní ọ̀mọ̀wé: láti 1896 tí ilé ìkọ́ṣẹ́ olùkọ́ St Andrew's ti kó wá sí Ọ̀yọ́ títí dé Emmanuel Alayande tí ó ti di yunifásítì, ìran olùkọ́ kò dáwọ́ dúró níbẹ̀. Ohun tí kò sí ni irú káàdì Ìmẹ̀sí-Ilé fún ilé ìtọ́jú ọmọ. Ìròyìn olùbẹ̀wò ń lọ sí ọ́fíìsì, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Bí a bá lẹ ojú ewé kan ṣoṣo mọ́ géètì jẹ́léósinmi, ní èdè Yorùbá, tí ó sọ iye ọmọ tí ó wà nínú ọgbà, iye àwọn tí ń tọ́jú wọn, ibi tí omi ti ń wá, ọjọ́ tí wọ́n yẹ ilé náà wò gbẹ̀yìn àti ohun tí wọ́n ní kí wọ́n tún ṣe, ìyá tí ó ń kánjú lọ sí Ọjà Igbó lè kà á tàbí kí ó ní kí ẹ̀gbọ́n ọmọ kà á fún òun. Wákàtí iṣẹ́ ìjọba ni olùbẹ̀wò ń bá rìn. Ìyá náà ni ó ń dé géètì ní kùtùkùtù, tí ó sì tún ń padà wá nígbà tí wọ́n bá ń palẹ̀ àtẹ mọ́.