Ohun tí a kì í rí nínú Fíìmù Ẹranko Igbó

Ẹ̀yin ará Ìkẹjà àti Agége, tí ariwo ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kì í jẹ́ kí ẹ gbọ́ ohùn ẹyẹ dáadáa, inú tẹlifíṣọ̀n ni ọ̀pọ̀ nínú yín ti mọ kìnnìún àti erin. Ẹ ti rí i bí àmọ̀tẹ́kùn ti ń yọ́ tọ ẹtu lọ, ẹ sì ti gbọ́ bí ewé gbígbẹ ti ń ró lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ǹjẹ́ ẹ ti bi ara yín léèrè rí pé ta ni ó wà nítòsí ẹranko náà tí ó ń ya á?

N kò ní mú yín lọ sí ọ̀nà jíjìn láti dáhùn. Sàró ni a ń lọ, ilẹ̀ tí a ń pè ní Sierra Leone, níbi tí baba ńlá ọ̀pọ̀ ará Èkó ti gbà padà wá sílé láti nǹkan bí ọdún 1839.

Ní ọdún 1954, BBC àti Ọgbà Ẹranko Lọ́ńdọ̀nù rán ọkùnrin mẹ́rin lọ síbẹ̀. Jack Lester, ẹni tí ń ṣe àkóso ilé àwọn ejò ní ọgbà náà, Alf Woods, tí ó mọ̀ nípa ẹyẹ, Charles Lagus, tí ń ya fíìmù, àti David Attenborough, ọmọ ọdún 28, tí ń ṣètò iṣẹ́ náà. Ẹyẹ kan ni ojú wọn wà lára rẹ̀ jù lọ. Orí rẹ̀ pá, ó pọ́n rúsúrúsú, ọrùn rẹ̀ funfun, ẹrẹ̀ ni ó sì fi ń mọ ìtẹ́ rẹ̀ mọ́ ara àpáta nínú igbó. Picathartes gymnocephalus ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Irú rẹ̀ mìíràn, tí ọrùn tirẹ̀ rí bí eérú, wà ní igbó Cross River nílẹ̀ wa níbí.

Kámẹ́rà wọn kò lo iná mànàmáná. Sípírìn ni ó ní, wọ́n sì ń yí i bí ìgbà tí a ń yí ti aago ògiri. Ìdìpọ̀ fíìmù tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 100 nínú irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ kì í pé ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó tán. Ẹ fojú inú wò ó: kí ẹranko tí ẹ ti ń dúró dè láti òwúrọ̀ yọ sí yín nígbà tí fíìmù ṣẹ̀ṣẹ̀ tán!

Ìmọ́lẹ̀ tún dá wàhálà sílẹ̀. Fíìmù aláwọ̀ ni wọ́n lò nítorí pé àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé dúdú àti funfun nìkan ni tẹlifíṣọ̀n ìgbà náà lè fi hàn. (Ó di ọdún 2016 kí BBC tó fi àwọ̀ náà han aráyé.) Ṣùgbọ́n fíìmù aláwọ̀ ń fẹ́ oòrùn púpọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni inú igbó ńlá ń ṣú bí ìrọ̀lẹ́ ní ọ̀sán gangan. Nítorí náà, ibi tí igi ti là ni wọ́n ti ya ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀dá kéékèèké.

Ohùn ńkọ́? Kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ń pariwo. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gba ohùn sílẹ̀, ọ̀tọ̀ ni àwòrán, ilé ni wọ́n sì ti ń so wọ́n pọ̀. Ewé gbígbẹ tí ẹ gbọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ àmọ̀tẹ́kùn yẹn lè jẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni ó ń rún un nínú yàrá.

Ẹ ó ní, "Ẹ̀tàn ni nígbà náà!" Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí ohun tí a fi hàn bá jẹ́ ohun tí ẹranko náà ń ṣe ní tòótọ́, ìtòjọ lásán ni. Ẹ̀tàn yàtọ̀. Ní ọdún 1958, ilé-iṣẹ́ Disney gbé fíìmù White Wilderness jáde. Ó fi ẹranko kékeré kan bí eku, tí wọ́n ń pè ní lemming, hàn bí ẹni pé agbo wọn ń mọ̀ọ́mọ̀ bẹ́ sínú òkun kí wọ́n lè kú. Alberta ní Kánádà ni wọ́n ti ya á, níbi tí kò sí òkun. Wọ́n kó àwọn ẹranko náà wá láti ibòmíràn ni, wọ́n sì tì wọ́n sínú odò. Fíìmù náà gba ẹ̀bùn Oscar. Ní ọdún 1982 ni tẹlifíṣọ̀n Kánádà tú àṣírí náà, àmọ́ títí di òní ni àwọn ènìyàn ṣì ń sọ pé lemming ń pa ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ Sàró. Ní December 1954 ni eré náà bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Lester ni ó kọ́kọ́ ṣe é, ṣùgbọ́n àìsàn dá a dúró lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan péré, Attenborough sì bọ́ sí ipò rẹ̀. Báyìí ni ayé ṣe mọ̀ ọ́n. Ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan yọrí sí òun ní ìgboro Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì bi òun bóyá wọn yóò rí ẹyẹ náà tàbí wọn kò ní rí i. Wọ́n rí i, wọ́n sì ya á.

Ohun kan wà tí kò dùn mọ́ mi nínú irú fíìmù báwọ̀nyí, ìyẹn ni pé ọmọ onílẹ̀ tó mọ ipa ẹsẹ̀ ẹran ni ó ń ṣí ọ̀nà fún àlejò, ṣùgbọ́n a kì í sábà rí orúkọ rẹ̀ ní ìparí.

Tẹlifíṣọ̀n Ìpínlẹ̀ Èkó ti wà ní Agídíngbì, ní Ìkẹjà, láti ọdún 1980, alángbá sì pọ̀ lórí ògiri gbogbo ilé-iṣẹ́ tó yí i ká. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ wá ọ̀pẹ kan tí ẹ̀gà kọ́lé sí ní àdúgbò yín. Ẹ jókòó sábẹ́ rẹ̀, ẹ má mira, kí ẹ sì ka iye ìṣẹ́jú tí yóò kọjá kí àwọn ẹ̀gà náà tó gbàgbé pé ẹ wà níbẹ̀.