Lílo Eku fún Ìwádìí Bí Ẹ̀jẹ̀ Ṣe Ń Dá àti Àwọn Àrùn Ẹ̀jẹ̀

Lílo eku fún ìwádìí ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ẹ̀ka ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ó ń wo ara eku láti mọ bí ara ṣe ń pèsè ẹ̀jẹ̀, àti ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìpèsè náà bá dàrú. Eku tí ọ̀rọ̀ kàn níhìn-ín kì í ṣe òkété tàbí ẹmọ́ inú igbó, bí kò ṣe èkúté ilé kékeré tí a ti ń sìn láti ìran dé ìran nínú yàrá ìwádìí, títí tí gbogbo ọmọ ìdílé kan fi jọra bí ìbejì tí ó ti inú ẹyin kan ṣoṣo jáde. Ìdílé tí a mọ̀ jùlọ nínú wọn ni C57BL/6, tí C. C. Little bẹ̀rẹ̀ sí í sìn ní 1921, kí ó tó dá Jackson Laboratory sílẹ̀ ní Bar Harbor, ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, ní 1929. Oyún eku kì í ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń dá ní ọ̀nà tí ó jọ ti ènìyàn: inú mùdùnmúdùn eegun ni sẹ́ẹ̀lì pupa tí ń gbé ọ́síjìn kiri, sẹ́ẹ̀lì funfun tí ń bá àrùn jà, àti àwọn wẹ́wẹ́ tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì ti ń wá. Gbogbo wọn ló ṣẹ̀ láti ara sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tí ó lè bí irú ara rẹ̀, tí ó sì tún lè bí gbogbo irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ yòókù.

Ìtàn

Ọ̀rọ̀ ìtànṣán olóró, tí ó di kánjúkánjú lẹ́yìn bọ́ǹbù átọ́míìkì 1945, ni ó bí ẹ̀ka ìmọ̀ yìí. Ní 1949, Leon Jacobson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Chicago rí i pé bí a bá fi òjé bo ọlọ inú eku, ìyẹn ẹ̀yà ara tí ó wà ní apá òsì ikùn, eku náà kì í kú bí ìtànṣán tí ó ń pa àwọn yòókù tilẹ̀ bà á. Ní 1951, Egon Lorenz fi hàn pé fífa mùdùnmúdùn eegun sí iṣan eku ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Àwọn kan rò pé omi kan láti inú ọlọ tàbí mùdùnmúdùn ni ó ń gba eku náà là, ṣùgbọ́n ní 1956 Charles Ford àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Harwell, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lo àmì kan lára krómósómù (okùn tín-ín-rín tí ó gbé àbùdá dání nínú sẹ́ẹ̀lì) láti fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì ẹran tí ó ṣe ìtọrẹ gan-an ni ó ń dàgbà nínú mùdùnmúdùn ẹran tí ó gbà á.

Ṣùgbọ́n irú sẹ́ẹ̀lì wo ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà? Ìdáhùn tí ó ṣe kókó jùlọ wá láti Toronto, ní Kánádà. James Till, onímọ̀ físíìsì, àti Ernest McCulloch, dókítà ìṣègùn, fa mùdùnmúdùn sí ara àwọn eku tí ìtànṣán ti pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń pèsè ẹ̀jẹ̀ wọn run. Lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá, àwọn kókó kéékèèké yọ sára ọlọ inú wọn, iye kókó náà sì ń bá iye sẹ́ẹ̀lì tí a fà sí wọn lára lọ, nǹkan bí ọ̀kan fún sẹ́ẹ̀lì 10,000. Wọ́n tẹ èyí jáde ní 1961. Ní 1963, Andrew Becker darapọ̀ mọ́ wọn láti fi ìtànṣán fi àpá sára krómósómù àwọn sẹ́ẹ̀lì náà. Nígbà tí gbogbo sẹ́ẹ̀lì inú kókó kan bá sì gbé àpá kan náà, ó hàn pé ìyá kan ni ó bí wọn. Ó yẹ kí a ṣọ́ra níhìn-ín: iṣẹ́ tí a ṣe lẹ́yìn náà fi hàn pé púpọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì tí ń bí kókó wọ̀nyí jẹ́ ọmọ sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀, kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà ìṣirò tí Toronto là sílẹ̀ kò yẹ̀.

Ní àkókò kan náà, Elizabeth Russell ní Bar Harbor ń tọ́jú ìdílé eku méjì tí ẹ̀jẹ̀ wọn kì í tó, èyí tí a ń pè ní W àti èyí tí a ń pè ní Steel. Bí a bá fún eku W ní mùdùnmúdùn eku tí ara rẹ̀ le, ó máa ń sàn. Bí a bá fún eku Steel, kì í sàn, síbẹ̀ mùdùnmúdùn Steel lè wo eku W sàn. Ẹni tí ó bá ti dáko iṣu yóò tètè lóye ọ̀rọ̀ náà: ebu, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ fúnra rẹ̀, ni ó bàjẹ́ nínú W; ebè, ìyẹn ibi tí sẹ́ẹ̀lì náà ń gbé, ni ó bàjẹ́ nínú Steel. Láàárín 1988 sí 1990 ni a mọ̀ pé W ni jíìnì tí ń ṣe ojú ìgbàṣẹ́ kan lára sẹ́ẹ̀lì, èyí tí a ń pè ní Kit, tí Steel sì jẹ́ jíìnì ohun tí ń so mọ́ ojú náà.

Àwọn ọ̀nà ìwádìí

Ìdánwò tí a ń gbára lé jùlọ ṣì ni ìpààrọ̀ mùdùnmúdùn. A ń lo eku olùtọrẹ àti eku olùgbà tí ohun kan lára sẹ́ẹ̀lì funfun wọn, CD45, yàtọ̀ díẹ̀ láàárín ara wọn, kí a lè mọ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ń ṣàn. A óò dúró fún oṣù mẹ́rin ó kéré tán, a óò sì tún fa mùdùnmúdùn eku olùgbà sínú eku kẹta. Ní 1988, àwọn ará yàrá ìwádìí Irving Weissman ní Stanford ṣa àwọn sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ eku jáde láàárín àìmọye sẹ́ẹ̀lì mùdùnmúdùn. Ní 1996, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Japan fa sẹ́ẹ̀lì kan péré sínú eku kọ̀ọ̀kan, ó sì tún ẹ̀jẹ̀ ṣe fún ìgbà pípẹ́ nínú nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún wọn.

Síbẹ̀, ìdánwò yìí ń sọ ohun tí sẹ́ẹ̀lì lè ṣe nínú ara tí a ti sọ di òfìfo, kì í ṣe ohun tí ó ń ṣe lójoojúmọ́ nínú ara tí kò sí ohun tí ó ṣe é, ibẹ̀ sì ni àríyànjiyàn ti wọlé. Ní 2014, ìwádìí kan láti Boston, àti ní 2015, òmíràn láti Heidelberg ní Jámánì, fi àmì sára sẹ́ẹ̀lì inú eku tí a kò fi ìtànṣán kàn, wọ́n sì sọ pé àwọn ọmọ sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ni ó ń bójú tó púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àgbà eku, tí sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Àwọn mìíràn tí wọ́n lo ọ̀nà àmì tí ó yàtọ̀ rí i pé ìpín sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dà bí ẹni pé ọ̀nà tí a gbà fi àmì sára àwọn sẹ́ẹ̀lì náà wà lára ohun tí ó fa ìyàtọ̀, ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì yanjú.

Ọ̀nà ìwádìí mìíràn ni yíyọ jíìnì kan kúrò láti mọ iṣẹ́ rẹ̀; àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Capecchi, Evans àti Smithies, gba Ẹ̀bùn Nobel 2007 fún ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é nínú eku.

Àwọn àrùn

Hẹmoglóbìn eku, ìyẹn èròjà tí ń gbé ọ́síjìn nínú sẹ́ẹ̀lì pupa, yàtọ̀ sí ti ènìyàn, eku kò sì ní hẹmoglóbìn ọmọ inú bí ti ènìyàn; nítorí náà àrùn fòníkú-fọ̀ládìde, tí sẹ́ẹ̀lì pupa fi ń tẹ̀ bí dòjé, kò ṣeé wò lára rẹ̀ àfi bí a bá fi jíìnì hẹmoglóbìn ènìyàn rọ́pò tirẹ̀. Ẹgbẹ́ onímọ̀ méjì ṣe èyí ní Amẹ́ríkà ní 1997. Ní 2011, àwọn onímọ̀ ní Boston yọ jíìnì BCL11A, tí ń pa hẹmoglóbìn ọmọ inú lẹ́nu mọ́ lẹ́yìn ìbí, kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ irú eku bẹ́ẹ̀, àrùn náà sì lọ kúrò lára wọn. Ìwòsàn Casgevy, tí Britain àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní òpin 2023, ń dojú kọ jíìnì yìí kan náà nínú sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ aláìsàn. Nàìjíríà, níbi tí a ti ń bí ọmọ pẹ̀lú àrùn yìí jù lágbàáyé, ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù.

Fún jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, John Dick ní Toronto fa sẹ́ẹ̀lì aláìsàn sínú eku tí kò ní àjẹsára, ó sì fi hàn ní 1994 pé díẹ̀ nínú wọn ni ó lè tún àrùn náà dá.

Eku kò bá ènìyàn mu pátápátá. Sẹ́ẹ̀lì pupa eku ń gbé nǹkan bí ogójì ọjọ́, ti ènìyàn ń gbé ọgọ́fà. Ọlọ inú àgbà eku ṣì ń pèsè ẹ̀jẹ̀, ti ènìyàn kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú àrùn Fanconi, tí mùdùnmúdùn ọmọdé fi ń gbẹ, eku tí a yọ jíìnì àrùn náà nínú rẹ̀ kì í sábà ní ìgbẹ mùdùnmúdùn fúnra rẹ̀. Ní 2012, àwọn onímọ̀ ní Cambridge tún yọ jíìnì Aldh2, tí ń pa oró ásétáldíháìdì inú ara, mọ́ ọ̀kan nínú jíìnì Fanconi, nígbà náà ni mùdùnmúdùn àwọn eku tí ó dàgbà nínú wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ.