Láti Orí Ìtàgé dé Yàrá Ìkọ́ni: Iṣẹ́ Gilbert Duprez Gẹ́gẹ́ bí Akọrin Tẹ́nọ̀ àti Olùkọ́ Ohùn ní Ilẹ̀ Faransé

Nínú ìtàn ọ́pẹ́rà, ìyẹn eré orí ìtàgé tí àwọn òṣèré ti ń fi orin sọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn tí ọ̀kẹ́sítírà sì ń gbè wọ́n lẹ́sẹ̀, orúkọ Gilbert-Louis Duprez kì í sábà jáde kí wọ́n má so ó mọ́ ìró kan ṣoṣo. Ìró náà ni èyí tí àwọn olórin ń pè ní C òkè, tó wà ní bèbè ibi tí tẹ́nọ̀, tí í ṣe ohùn òkè fún àwọn ọkùnrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, lè dé. Ẹnu Duprez ni àwọn ará Paris sì ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ pẹ̀lú gbogbo agbára àyà, ní oṣù kẹrin ọdún 1837. Òkìkí yìí tọ́ sí i, ṣùgbọ́n ó ti bo apá tó pẹ́ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, nítorí pé nǹkan bí ọdún méjìlá péré ni ó fi ṣe aṣáájú tẹ́nọ̀ ní Opéra ti Paris, nígbà tí iṣẹ́ olùkọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1842 ń bá a lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tó ti fi ìtàgé sílẹ̀. Àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn pé ohun tí Duprez kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ yàtọ̀ gan-an sí ohun tí ayé fi ń rántí rẹ̀.

Paris ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ kẹfà oṣù kejìlá ọdún 1806. Ó kọ́ orin lọ́dọ̀ Alexandre Choron, ẹni tó dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní ìlú náà níbi tí wọ́n ti ń fi orin ìjọ àti orin àwọn àgbà ìgbàanì tọ́ àwọn ọmọdé. Nígbà tó kọ́kọ́ jáde ní gbọ̀ngàn Odéon ní 1825, nínú Il barbiere di Siviglia tí Rossini kọ, ohùn rẹ̀ kéré, kò sì fi bẹ́ẹ̀ wọ àwọn òǹwòran létí, èyí ló sì gbé e dé Ítálì ní 1828 láti lọ wá ọ̀nà. Kókó kan wà níhìn-ín tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé máa ń fò kọjá: Duprez kò bá ohùn ńlá wáyé. Ohùn tó sọ ọ́ di olókìkí jẹ́ èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ díẹ̀díẹ̀ lórí ìtàgé àwọn ìlú Ítálì, ẹni tó bá sì ti tún ohùn ara rẹ̀ ṣe láti ìpìlẹ̀ máa ń ní ohun tí yóò sọ fún akẹ́kọ̀ọ́, èyí tí ẹni tí Elédùmarè fún ní ohùn lọ́fẹ̀ẹ́ lè má mọ̀ rárá.

Inú gògóńgò ni tán-án-ná wà, àwọn awẹ́ iṣan méjì tí èémí láti inú ẹ̀dọ̀fóóró máa ń mú gbọ̀n kí ohùn tó jáde. Bí orin bá wà ní ìsàlẹ̀, tán-án-ná á ki, á sì máa pàdé dáadáa, ohùn á kún. Àwọn olórin ń pe èyí ní ohùn àyà, nítorí pé àyà ni akọrin ti ń mọ ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ lára. Bí orin bá ń gòkè, tán-án-ná á máa nà, á sì máa fẹ́lẹ́, títí yóò fi dé ibi tí àwọn tẹ́nọ̀ ayé ọjọ́un ti máa ń yí sí ohùn orí, èyí tó fúyẹ́, tó sì rọrùn láti fi dárà, ṣùgbọ́n tí kò lè borí ìró fèrè àti ìlù inú gbọ̀ngàn ńlá. Báyìí ni Adolphe Nourrit, tí í ṣe aṣáájú tẹ́nọ̀ ní Opéra nígbà náà, ṣe kọ ipa Arnold nígbà tí Guillaume Tell, ọ́pẹ́rà tí Rossini kọ gbẹ̀yìn, jáde ní Paris ní oṣù kẹjọ 1829, kò sì sẹ́ni tó kà á sí àbùkù. Nígbà tí wọ́n gbé eré náà dé Lucca ní 1831, Duprez ni wọ́n fi ipa Arnold lé lọ́wọ́, òun fúnra rẹ̀ sì ròyìn nínú ìwé ìrántí tó tẹ̀ jáde ní 1880 pé gbogbo okun ara àti ìpinnu ọkàn ni òun kó jọ kí C òkè inú ipa náà tó lè ti àyà wá.

Láàárín àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, Donizetti kọ ipa Ugo inú Parisina fún un ní Florence ní 1833, ó sì kọ ipa Edgardo inú Lucia di Lammermoor fún un ní Naples ní 1835, ipa tí àwọn tẹ́nọ̀ ṣì fi ń dán ara wọn wò títí di òní. Nígbà tí Opéra pè é padà sí Paris, Nourrit, tí òun náà jẹ́ olùkọ́ ní Conservatoire, ilé-ẹ̀kọ́ orin ìjọba, kò fara mọ́ ọn pé kí àwọn méjèèjì jọ máa pín ipò aṣáájú, ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó lọ sí Naples lọ́dọ̀ Donizetti láti kọ́ irú ohùn tí Ítálì ń fẹ́, ohùn àtijọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tuntun kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sì gba ẹ̀mí ara rẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù kẹta 1839. Àwọn òpìtàn sábà máa ń ka èyí sí ọ̀rọ̀ ìlara lásán, bẹ́ẹ̀ ọ̀ràn ìkọ́ni ló wà nídìí rẹ̀: ohun tí Duprez fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe nígbà tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tí ẹnikẹ́ni kò tíì máa ṣọ́ ọ, ni Nourrit fẹ́ fi oṣù díẹ̀ ṣe ní ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì tí gbogbo Yúróòpù mọ̀.

Ohùn tuntun tí Duprez gbé dé Paris yìí kò dùn mọ́ gbogbo ènìyàn. Wọ́n ròyìn pé Rossini fi C yìí wé igbe àkùkọ tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá nígbà tí wọ́n bá ń dú u. Àwọn oníṣègùn ní tiwọn fẹ́ mọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, ní 1840 sì ni dókítà méjì láti Lyon, Diday àti Pétrequin, gbé ìwádìí jáde lórí ohun tí wọ́n kà sí oríṣi ohùn orin tuntun. Wọ́n ṣàkíyèsí pé gògóńgò, tó máa ń gòkè bí orin bá ń gòkè lọ́nà àtijọ́, máa ń dúró ní ìsàlẹ̀ láìyẹsẹ̀ nínú ọ̀nà tuntun yìí, tí ọ̀fun á fi gùn sí i, tí ohùn á sì ṣú, àti pé agbára èémí tó ń ná akọrin pọ̀. Ẹni tó bá fi ìka kan gògóńgò rẹ̀ nígbà tó bá ń yán yóò mọ ìsọ̀kalẹ̀ tí wọ́n ń wí; kí ènìyàn yán kò le, kí gògóńgò wà níbẹ̀ nígbà tí orin bá dé òkè téńté ló le.

Iṣẹ́ Duprez ní Opéra lẹ́yìn ọdún 1837 kò nílò àlàyé gígùn. Òun ló kọ́kọ́ kó ipa Benvenuto Cellini nínú ọ́pẹ́rà Berlioz ní 1838, tí kò sì pẹ́ tó fi yọwọ́ níbẹ̀, òun náà ló kọ́kọ́ kó ipa Fernand nínú La favorite ti Donizetti ní 1840, àti ipa Gaston nínú Jérusalem ti Verdi ní 1847, nígbà tí ohùn náà ti ń rẹ̀.

Ó ti ń kọ́ni ní Conservatoire láti 1842, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1850, kó tó dá ilé-ẹ̀kọ́ ohùn tirẹ̀ sílẹ̀ ní Paris ní 1853. L'art du chant, ìwé ìkọ́ni tó gbé jáde láàárín ọdún 1840 sí 1849, ni ẹ̀rí tó dájú jù lórí èrò rẹ̀. Ẹni tó bá ṣí i pẹ̀lú ìrètí pé yóò rí àṣírí C òkè níbẹ̀ yóò rí ìjákulẹ̀, nítorí pé ọ̀nà méjì ni Duprez là sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀nà orin tó gbòòrò tó sì kún fún agbára, àti ọ̀nà orin tó fúyẹ́ tó sì yá, kò sì fi èkíní rẹ́ èkejì jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ó tún fún pípe ọ̀rọ̀ inú orin ní àyè tirẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fi èyí hàn ju ìwé lọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Caroline Duprez, tí ohùn rẹ̀ jẹ́ soprano, ìyẹn ohùn òkè fún àwọn obìnrin, ni ó kọ́kọ́ kó ipa Catherine nínú L'étoile du nord ti Meyerbeer ní 1854. Marie Miolan-Carvalho, tó gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Conservatoire, jáde ní Opéra nínú eré tí wọ́n ṣe fún Duprez ní oṣù kejìlá 1849, òun sì ni Gounod wá fi ipa Marguerite inú Faust lé lọ́wọ́ ní 1859 àti ipa Juliette ní 1867. Emma Albani, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, kọ́kọ́ kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Paris kó tó lọ sọ́dọ̀ Lamperti, olùkọ́ ohùn ní Milan. Ohùn tó fúyẹ́, tó mọ́, tó sì yára ni àwọn obìnrin wọ̀nyí fi gba orúkọ, kò sí èyí tó fi ariwo àyà wá oúnjẹ. Nínú àwọn ọkùnrin, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni Albert Niemann, tẹ́nọ̀ ọmọ Jámánì tó kó ipa Tannhäuser ti Wagner ní Paris ní 1861, ó sì ti ń kọrin nílé kó tó wá sọ́dọ̀ Duprez.

Duprez kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1896, ó ku díẹ̀ kó pé ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Tẹ́nọ̀ tó bá fi ohùn orí kọ C inú Guillaume Tell lónìí yóò máa wá àwíjàre níwájú òǹwòran, nítorí náà ìró náà ti di ti gbogbo ayé, kò nílò kí ẹnikẹ́ni máa gbèjà rẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ olùkọ́ náà ni kò tíì rí ìwádìí tó tó, ó sì yẹ kí olùṣèwádìí tó bá fẹ́ kọ nípa Duprez kọ́kọ́ ka L'art du chant dáadáa kó tó kan ìtàn alẹ́ ọdún 1837.