Orí Ọmọ Lẹ̀rí Àgbà

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìyá tó pọn ọmọ wá nájà kò rí ẹ̀yìn ara rẹ̀. Oorun ti gbé ọmọ lọ, orí rẹ̀ ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìyá ṣì ń dúnàá dúrà. Àgbà tó bá ń kọjá, bí kò tilẹ̀ mọ ìyá náà rí, ojúṣe rẹ̀ ni kó tún orí ọmọ ṣe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi òwe yìí yin àgbà, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n ló jẹ́ fún un. Bí àgbà bá wà lọ́jà tí orí ọmọ ṣì wọ́, kò tíì ṣe nǹkan kan.

Ìlú Ìkòyí kò ṣàjèjì sí irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀. Nígbà ayé Ọ̀yọ́-Ilé, 70 ni àwọn jagunjagun olóyè tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀ṣọ́, orúkọ Ìkòyí kì í sì í jìnnà sí tiwọn. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ pé akin ṣíṣe ni wọ́n fi ń jẹ oyè náà, kì í ṣe ogún ìdílé lásán. Ohun tí ènìyàn bá ṣe lójú ogun ni wọ́n fi ń dá a mọ̀.

Lónìí, Ìkòyí-Ilé ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Oríire ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, iṣẹ́ àgbẹ̀ sì gbilẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì tí òbí rẹ̀ kò rówó ìwé rà, tó ń pa kíláàsì jẹ lásìkò ìkórè, lè máa gbọ́ orúkọ LAUTECH, yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1990, kó má sì rí ẹni tí yóò jókòó tì í kó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń débẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ètò atọ́nisọ́nà wà fún: kí olùkọ́, oníṣẹ́ ọwọ́, agùnbánirọ̀ tàbí ọmọ ìlú tó ti kàwé jáde mú ọmọ kan, kó máa bójú tó o. Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́?

Ní 1939, ní Cambridge àti Somerville ní Massachusetts, Amẹ́ríkà, wọ́n kó ọmọkùnrin 506 jọ, wọ́n pín wọn ní méjì-méjì, wọ́n fún ọ̀kan ní atọ́nisọ́nà, wọ́n fi èkejì sílẹ̀ bó ṣe wà. Ní nǹkan bí 30 ọdún lẹ́yìn tí ètò náà parí, olùwádìí Joan McCord wá wọn rí. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tí a tọ́ sọ́nà ló ní ètò náà ṣe àwọn lóore. Ṣùgbọ́n ohun tó tẹ̀ jáde ní 1978 fi hàn pé ìmukúmu ọtí pọ̀ láàárín wọn ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ, wọ́n sì tún tètè ń kú. Ẹnu wọn dúpẹ́, ayé wọn kò sàn sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ló lè rí nílẹ̀ wa: ọmọ Yorùbá tó ní ẹ̀kọ́ kò ní dójú ti àgbà ní gbangba. Bí a bá bi í níwájú àwọn tó náwó, “ẹ ṣé” ni yóò wí.

Ètò atọ́nisọ́nà Big Brothers Big Sisters, ní Amẹ́ríkà kan náà, ní tirẹ̀ yege nínú ìwádìí 1995 lórí ọmọ 959. Ìwádìí 2002 fi kún un pé àwọn tí atọ́nisọ́nà wọn bá wọn lò tó ọdún kan ló jàǹfààní jù. Àwọn tí tiwọn já kí oṣù mẹ́ta tó pé tún rẹ̀wẹ̀sì sí i. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá, torí ọdún kan péré ni agùnbánirọ̀ ń lò. Ẹ jẹ́ kí onílé, olùkọ́ tàbí télọ̀ tí kò ní ibì kankan í lọ, wà pẹ̀lú agùnbánirọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, kí ìgbìmọ̀ tó ń darí rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ mélòó ni ọmọ wá sílé ẹ̀kọ́, kí ni èsì ìdánwò rẹ̀, ta ni ó lè fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ̀? Bí àyè kò bá tó gbogbo ọmọ, kí wọ́n ṣẹ́ kèké. Ìyẹn kò ní ojúsàájú, yóò sì jẹ́ kí a lè fi àwọn tó wọlé wé àwọn tí kò wọlé. Lópin ọdún, kí wọ́n tún àwọn ìbéèrè kan náà bi, kí wọ́n sì bi ọmọ ní òun nìkan. Bí èsì kò bá dára, kì í ṣe ìtìjú láti yí ètò padà. Ohun tó burú ni kí a máa fi aṣọ ẹgbẹ́ àti fọ́tò bo àwọn ọmọ tí a kò ràn lọ́wọ́.