Ìlù Méjì, Ta Ni Ìyáàlù?

Ọ̀rọ̀ ìlù la bá wá lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí wọ́n ń lù lóde ìnáwó.

Lọ́dún 1935, Albert Einstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì kọ̀wé pé ìmọ̀ quantum, ìyẹn ìmọ̀ nípa ìṣesí àwọn nǹkan kéékèèké bí átọ́ọ̀mù, kò tíì pé. Wọ́n ní bí a bá tẹ̀ lé e, nǹkan méjì tó ti wọnú ara wọn lè jìnnà síra, síbẹ̀ ohun tá a bá yàn láti wọ̀n lára ọ̀kan ni yóò sọ irú ipò tí èkejì máa wà. Lọ́dún yẹn kan náà, Erwin Schrödinger fi ọ̀rọ̀ atukọ̀ ṣàlàyé rẹ̀: bí ẹni ń tu èkejì láìfọwọ́ kàn án. Ará Ògùn Waterside á mọ̀ ọ́n. Kò dùn mọ́ Schrödinger nínú rárá. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o: èèyàn ò lè fi ìtukọ̀ yìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Ó di 2007 kí Howard Wiseman àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọsirélíà tó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìfọkàntán. Ká ní ọ̀kan wà lọ́wọ́ Adé, èkejì lọ́wọ́ Bísí. Adé ní òun lè tu ti Bísí. Bísí ò gba Adé gbọ́, kò gba ẹ̀rọ rẹ̀ gbọ́. Tirẹ̀ nìkan ló fọkàn tán. Bí èsì Adé bá bá ohun tí Bísí fúnra rẹ̀ wọ̀n mu kọjá ibi tí ẹ̀tàn lè dé, Bísí gbọ́dọ̀ gbà. Ibi tó ti dùn nìyí: ó ṣeé ṣe kí Adé tu ti Bísí, kí Bísí má lè tu ti Adé. Lọ́dún 2012, wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ ṣe irú ẹ̀ ní Hannover, ní Jámánì.

Ìmọ́lẹ̀ nìyẹn. Àwọn ìlù dé lọ́dún 2018, ní Yunifásítì Aalto ní Finland: ìlù alumíníọ̀mù méjì tí kò fẹ̀ tó fọ́nrán irun kan, nínú òtútù tó sún mọ́ -273 dígírì, tí máíkírówéfù ń mì. Wọ́n wọnú ara wọn. Lọ́dún 2021, Aalto àti NIST ti Amẹ́ríkà tún ṣe é lọ́nà tó túbọ̀ dáni lójú; ìlù NIST kọ̀ọ̀kan ní átọ́ọ̀mù bíi tírílíọ̀nù kan. Lójú átọ́ọ̀mù, òkè ńlá ni!

Nínú dùndún, ìyáàlù ló ń darí, omele ń tẹ̀ lé e. Àwọn ìlù yìí ò ní ìyáàlù àbímọ́. Bí ooru bá da ọ̀kan láàmú ju èkejì lọ, ìdọ́gba bàjẹ́, ọ̀kan lè máa tu èkejì kí èkejì má lè tu òun. Lórí ìwé, àwọn oníṣirò ti fi hàn pé bí wọ́n bá ń yí agbára máíkírówéfù, wọ́n lè yan èyí tí yóò ṣe ìyáàlù.

Kí ló kàn wá ńbẹ̀? Ká ní báńkì kan fẹ́ bá ẹ̀ka rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó pín kọ́kọ́rọ́ àṣírí. Ẹ̀rọ olú iléeṣẹ́ ṣeé fọkàn tán, ti ẹ̀ka ni kò dáni lójú. Ẹ̀ka ló gbọ́dọ̀ lè tu ti olú iléeṣẹ́. Bó bá jẹ́ òdìkejì nìkan ló ṣeé ṣe, àṣírí ò dájú.

Àwọn ìlù yẹn gba fíríìjì olówó gọbọi. Ìṣirò wọn ò gbà á: ìwé, bírò àti kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ ni. Wọ́n sì ń kọ́ físíìsì ní Àgọ́-Ìwòyè, ní Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1982.